Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Mọ́tò Nílé: Ẹ̀kọ́ Tí Olùkọ́ Yorùbá Lè Rí Kọ́ ní Agége

Ìfáárà

Ọwọ́ ara ẹni, àwọn àgbà ní, ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Láyé òde òní, kì í ṣe ìwà nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe. Àwọn kan ti ń fi tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ṣe pẹ̀lú. Ní agbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tí ó gba Àgídíngbí àti Ọ̀gbà títí dé Agége, kò ṣòro láti rí olówó-oṣù tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé jáàkì níwájú ilé ní ọjọ́ Sátidé, tí ó tẹ́ páálí sílẹ̀, tí ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ohun tí ó ń dún nígbàkúùgbà tí táyà bá kó sí kòtò. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Títì agbègbè yìí ni tírélà àti táńkà ń gbà kó ẹrù wọ iléeṣẹ́, òun náà ni wọ́n ń gbà kó o jáde. Ojú ọ̀nà a máa jìn, omi òjò a sì máa bo kòtò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyà ọ̀nà bá ń jẹ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dùn ún.

Ẹsẹ̀ mọ́tò ni orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì fún àkójọ irin, sìpíríǹgì àti rọ́bà tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí onímọ́tò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe nílé, kí ó sì máa ṣe aláìnmẹ́ǹtì táyà fúnra rẹ̀? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ó tọ́, bí onítọ̀hún bá mọ ààlà. Ohun tí yóò sì jẹ́ kí ó mọ ààlà kì í ṣe sípánà, bí kò ṣe ìmọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní èdè tí ó yé e. Ìmọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ní èdè Yorùbá. Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó kù, ojúṣe àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sì ni.

Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Táyà Fi Kan Olùkọ́

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba yẹn ni ó sì la ilẹ̀ iléeṣẹ́ níbẹ̀. Lára ohun tí Ìkẹjà fi gbajúmọ̀ ni táyà: ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Dunlop ti ń ṣe é. Ní 1975, iléeṣẹ́ tí ó ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Òjó ní Èkó. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí olùkọ́ lè ra ọkọ̀ tí wọ́n tò ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ó sì fi táyà tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà sí i. Àsìkò yẹn ti kọjá. Michelin pa iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt tì ní 2007, Dunlop náà sì ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà ni táyà ti di ohun tí à ń retí láti òkè òkun. Nígbà tí ìjọba wá yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, owó táyà tuntun gbéra sókè kọjá ohun tí owó-oṣù olùkọ́ lè gbé láìmira.

Nítorí náà, táyà tí ó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan láàárín oṣù díẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ mọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó ń jẹ lójú títì. Èyí tí ó tún burú ju owó lọ ni ẹ̀mí. Bí oríkèé tí ó so táyà iwájú mọ́ apá rẹ̀ bá já lórí eré, táyà yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́. Irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé láìránṣẹ́ ṣíwájú. Ó ti ń dún, ó ti ń mì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Kí Ni Ẹsẹ̀ Mọ́tò?

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni kí a fi í wé ẹsẹ̀ ènìyàn. Sìpíríǹgì ni iṣan tí ó ru ìwúwo ara. Bọ́ọ̀lù jọ́ìn ni oríkèé, níbi tí irin roboto kan ti ń yí nínú ihò rẹ̀ bí eegun itan ṣe ń yí ní ìbàdí. Bọ́ṣì, èyí tí í ṣe rọ́bà tí ó wà láàárín irin méjì, ni kerekere tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Bí kerekere bá tán, eegun yóò máa kan eegun, yóò sì máa dún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Wọ́n rò pé òun ni ó ru ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìpíríǹgì ni ó ru ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pẹ̀tù sí sìpíríǹgì lọ́kàn. Bí táyà bá kó sí kòtò, sìpíríǹgì yóò sún kì, yóò sì fẹ́ máa fò sókè-sódò láìdákẹ́. Òróró tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, tí ó ń gba ihò tóóró kọjá, ni kò ní jẹ́ kí ó rí ààyè bẹ́ẹ̀. Bí òróró náà bá ti jò tán, ọkọ̀ yóò máa jó bí ọkọ̀ ojú omi, táyà kò sì ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ṣọ́ọ̀kì àti sìpíríǹgì iwájú wà papọ̀ lórí òpó kan ṣoṣo. Orúkọ Earle MacPherson, ẹnjinía ará Amẹ́ríkà, ni a fi ń pe irú òpó bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Aláìnmẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ni mímú kí táyà tọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni táyà lè gbà wọ́. Èkíní, táyà iwájú méjèèjì lè kọjú sí ara wọn jù bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń tẹ̀ sínú, tàbí kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Èkejì, orí táyà lè fì sínú tàbí kí ó fì síta. Ẹ̀kẹta, òpó tí táyà ti ń yí lè fì sẹ́yìn tàbí síwájú ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ó bá wo bí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fì yóò mọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ fi ń lọ tààrà bí a tilẹ̀ fi ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan lè fi hàn bí wíwọ́ díẹ̀ ṣe ń náni lówó púpọ̀. Ká sọ pé gíga táyà láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600, tí táyà méjèèjì sì fi mìlímítà 3 kọjú sí ara wọn ju bí ó ṣe yẹ. Mìlímítà 3 nínú 600 jẹ́ ìdá kan nínú 200. Nínú kìlómítà 1, èyí tí í ṣe mítà 1000, ó dà bí ẹni pé a wọ́ táyà méjèèjì nífẹ̀ẹ́gbẹ́ ní ìwọ̀n mítà 5. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 20 lóòjọ́, mítà 100 ni wíwọ́ náà. Kò sí rọ́bà tí kò ní tán. Olùkọ́ ìṣirò tí ó bá fi èyí ṣe àpẹẹrẹ kò ní wá ẹni tí yóò tẹ́tí sí i.

Ohun Tí Onímọ́tò Lè Ṣe Nílé

Iṣẹ́ ojú, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ okùn ni ti onímọ́tò. Kí ó kọ́kọ́ ka ojú táyà bí ẹni ń kàwé. Táyà tí ó jẹ láàárín gbùngbùn ni wọ́n ń fún ní atẹ́gùn jù. Èyí tí ó jẹ ní etí méjèèjì ni atẹ́gùn rẹ̀ kéré. Èyí tí ó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sábà máa ń jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ fì. Èyí tí a bá fi ọwọ́ pa lójú, tí ó ń họni ní apá kan tí ó sì ń dán ní apá kejì, ni èyí tí kò kọjú síbi tí ó ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fi gbogbo agbára tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá gòkè, tí ó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń gòkè tí ó ń sọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì ti ń kú lọ. Kí ó wò ó bóyá òróró ti jò sí i lára.

Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé táyà kúrò nílẹ̀. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni kí ó ti ṣe é. Kí ó fi òkúta tàbí igi há àwọn táyà yòókù, kí ó sì fi ìdúró irin tí ó lágbára sábẹ́ ara ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ gbé orí sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ó bá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, tí ó mì í, tí táyà sì ń mì gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìn tàbí bíárìn ni kí ó fura sí. Bí ó bá di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, tí ó ń mì, irin ìdarí tí wọ́n ń pè ní táì-rọ́ọ̀dù ni kí ó yẹ̀ wò.

Wíwọn táyà pẹ̀lú kò kọjá agbára ẹni méjì tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì-pẹ́ńsù funfun àti téèpù. Kí atẹ́gùn táyà dọ́gba, kí sitíárìn wà ní tààrà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ti ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fìdí kalẹ̀. Kí wọ́n fi àmì sí ojú táyà iwájú méjèèjì ní iwájú, ní ìwọ̀n gíga tí ó bá àárín táyà mu, kí wọ́n sì wọn àyè tí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Kí wọ́n wá ti ọkọ̀ síwájú títí táyà yóò fi yí ní ìlàjì, tí àmì náà yóò bọ́ sí ẹ̀yìn ní gíga kan náà, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni yóò sọ bí táyà ṣe kọjú sí. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni yóò sọ iye tí ó yẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, iye kan náà ni kí wọ́n yí táì-rọ́ọ̀dù ọ̀tún àti ti òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sitíárìn yóò wọ́. Kí wọ́n sì rí i pé nọ́ọ̀tì tí ó tì í pa le dáadáa.

Ibi Tí Ààlà Wà

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dán wò. Àkọ́kọ́ ni títú sìpíríǹgì kúrò lórí òpó rẹ̀. Sìpíríǹgì tí ó sún kì ní agbára tí ó lè pa ènìyàn bí ó bá fò yọ. Irinṣẹ́ pàtàkì ni wọ́n fi ń dì í mú, ọwọ́ ọ̀gá ni ó sì yẹ kí irinṣẹ́ náà wà. Èkejì ni jíjó apá ẹsẹ̀ mọ́tò tí ó ti tẹ̀ tàbí tí ó ti sán pọ̀. Irin tí a jó lè dán lójú kí ó sì sán padà lórí eré. Ẹ̀kẹta ni wíwọn bí orí táyà àti òpó rẹ̀ ṣe fì. Ẹ̀rọ ni ó mọ ìyẹn.

Ó tún ní àṣìṣe tí àwọn oníṣẹ́ pàápàá ń ṣe, tí ó sì yẹ kí onímọ́tò mọ̀ kí ó lè fi ọ̀wọ̀ béèrè. Nígbà tí wọ́n bá ń fi bọ́ṣì tuntun sí i, kò yẹ kí wọ́n dé bóòtù rẹ̀ le nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lókè. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ìwúwo rẹ̀ lé táyà, kí wọ́n tó dé e le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ títí ayé, yóò sì ya láìpẹ́ ọjọ́. Bákan náà, owó aláìnmẹ́ǹtì ti ṣègbé bí bọ́ọ̀lù jọ́ìn tàbí bọ́ṣì bá ṣì ń mì. Àtúnṣe ni ó ń ṣáájú, aláìnmẹ́ǹtì ni ó ń kẹ́yìn.

Èdè Tí Ìmọ̀ Yìí Ń Sọ

Ẹni tí ó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Agége fún wákàtí kan yóò gbọ́ pé ọkọ̀ kan ń jẹ táyà, pé sitíárìn òmíràn ń fà sọ́tùn-ún, pé ẹsẹ̀ òsì ń dún, pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni a yá: táyà, sitíárìn, ṣọ́ọ̀kì, bọ́ṣì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yá: jẹ, fà, dún, kú, mì, fì, wọ́. Orúkọ irin wá láti òkè òkun pẹ̀lú irin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí irin náà ń ṣe, bí ó ṣe ń ṣàìsàn àti bí ó ṣe ń wòsàn, Yorùbá ni àwọn oníṣẹ́ fi ń rò ó. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ìmọ̀ náà wà. Yorùbá sì ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti wọlé títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira.

Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbulúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ṣí ọ̀nà fún kíkọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fagi lé ní 2025. Bí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn kan, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ ti ti ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé pélébé tí ó bá kọ́ ènìyàn bí ó ṣe lè mọ̀ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìn òun fẹ́ já kò nílò àṣẹ ìjọba kí ó tó wúlò.

Àríyànjiyàn Tí Ó Lè Wáyé

Àwọn kan yóò ní bí onímọ́tò bá ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nílé, oúnjẹ ń bọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, nítorí iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Agége fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ kì í sá fún ọ̀gá tí ó mọṣẹ́. Ó máa ń tètè lọ bá a kí ọ̀ràn tó burú, owó tí ó bá sì san kì í dùn ún. Ẹni tí ìmọ̀ yìí yóò pa lára ni ẹni tí ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ṣì kì í ṣe Yorùbá, pé kí a kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tuntun fún wọn. Kò burú kí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ kò mọ̀ kò lè gba onímọ́tò là. Sọ́ọ̀sì àti búrẹ́dì ti di tiwa. A kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí a tó máa jẹ búrẹ́dì Agége.

Àgbálọgbábọ̀

Àbá tí ó wà nílẹ̀ kò ná ni lówó. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí fún ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ jókòó ti àwọn ọ̀gá, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀, àmì àìsàn rẹ̀ àti ìkìlọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye. Kí wọ́n gbé e padà fún àwọn ọ̀gá náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àgídíngbí, lè pe àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí yóò jáde kì í ṣe ìwé fún mọ́tò nìkan. Àpẹẹrẹ ni yóò jẹ́ fún olùkọ́ ọ̀la pé èdè tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ wà láàyè níbi iṣẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ ń bẹ ní Ìkẹjà, wọ́n ń bẹ ní Agége, wọ́n sì ń fi Yorùbá tọ́ ohun tí ó wọ́ lójoojúmọ́. Kí àwọn tí ó mọ̀wé lọ bá wọn jókòó, kí onímọ́tò tí ó wà lórí páálí níwájú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé lè rí ìwé kà ní èdè ara rẹ̀ kí ó tó gbé orí sábẹ́ ọkọ̀.